Èmi Ni Mo Ń Kọ́kọ́ Mu Mílíìkì Ọmọ Mi

Nígbà tí mo lóyún àbíkẹ́yìn mi, oyún náà ò tíì yọ, ara mi sì ti tóbi tẹ́lẹ̀, nítorí náà àwọn tó ń wá fún àyẹ̀wò aboyún ní Ìlobù máa ń bi mí pé ta ni mo sìn wá. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan dìde fún mi lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní, "Màmá, ẹ jókòó. Ṣé ọmọ yín ti wọlé lọ rí nọ́ọ̀sì ni?" Mo jókòó ná, mo na ẹsẹ̀ dáadáa, kí n tó sọ fún un pé èmi gan-an ni aboyún. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní kí n má bínú. N ò bínú. Ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, tí ọmọ rẹ̀ àgbà ti ń kàwé ní yunifásítì, tó tún wá gbé oyún, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbínú. Ìjókòó ló lẹ́tọ̀ọ́ sí.

Ìkúnlẹ̀ náà fẹ́ gbé mi lọ. Mo bí ọmọ tán, obìnrin ni, ohùn rẹ̀ sì já gaara. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sì dá. Wọ́n gbé mi láti Ìlobù lọ sí ọsibítù ńlá kan ní Òṣogbo. Ohun tí mo rántí nínú ọkọ̀ kò ju ohùn ọkọ mi lọ, ó ń ka Sáàmù sí mi létí, ó sì ń ṣì í kà. Olùkọ́ ni, kì í ṣì ìwé kà. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti burú. Nígbà tí ojú mi là, ẹ̀jẹ̀ ẹni tí n ò mọ̀ rí ń kán sí mi lára díẹ̀díẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn dókítà, mo sì búra nínú ọkàn mi pé ẹsẹ̀ mi kò tún ní wọ géètì ọsibítù yẹn mọ́ láéláé.

Kí n tó bí ọmọ yìí ni mo ti jẹ́ ẹni tó máa ń ṣọ́ra. Iwájú ilé-ìwé kan ni mo ti ń ta ìwé àti bírò, n kì í sì í ta sísọ́ọ̀sì fún ọmọ kékeré àfi bí ìyá rẹ̀ bá bá a wá. Lẹ́yìn ìbí náà, mo di ẹni tí ìṣọ́ra ń lé kiri inú ilé. Bí ìdérí ìkòkò bá já bọ́, mo ti gbá àyà mú. N ò gun ọ̀kadà mọ́. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ sí Ìfọ́n, níbi tí wọ́n ti bí mi, bí ọlọ́kadà kan bá sì rọra dúró láti bi mí ibi tí mò ń lọ, inú koríko ni mo máa bọ́ sí.

Ọmú mi náà wá ń ṣọ́ra. Èyí tí àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí mu títí wọ́n fi ń sáré, tí wọ́n á kúrò nídìí eré, tí wọ́n á wá fà á, tí wọ́n á tún padà sídìí eré, òun ló wá ń kán bí òrùlé tí òjò ti dá lórí rẹ̀. Ọmọ á fà á, á fà á, á yọ ẹnu, á wo ojú mi bí ẹni tí wọ́n ta ọjà tí kò pé fún. Nígbà tí a gbé e lọ wọ̀n ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò wa, ó fúyẹ́ ju ìgbà tí mo bí i lọ.

Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ kò ju ẹni tí mo lè bí lọ, àmọ́ ó mọ bí wọ́n ti ń báni sọ̀rọ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ̀jẹ̀ tó bọ́ lára yín pọ̀. Ara yín ṣì ń wá ara rẹ̀. Omi ọmú á wá, àmọ́ ọmọ ò lè máa fi ebi dúró dè é. Ẹ kọ́kọ́ fún un lọ́mú, ọ̀tún àti òsì. Tó bá fà á tán, kí ẹ wá po mílíìkì ọmọdé díẹ̀, kí ẹ fi ife kékeré fún un. Ẹ má lo fídà, kó má baà gbàgbé bí wọ́n ti ń fa ọmú. Bó bá ṣe ń fà á tó ni á ṣe máa wá tó."

Mo bi í pé, "Ṣé mílíìkì náà ò ní ṣe é ní nǹkan?"

Ó ní, "Ebi ni kí ẹ bẹ̀rù, mà."

Kò mọ̀ pé àyà mi gba méjèèjì.

Kí a tó ra mílíìkì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti gbọ́ ní Ìfọ́n pé ọmú ò wá. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì ẹmu wá. Ó ní tòwúrọ̀ yìí ni, kò tíì kan, pé òun ni ìyá wa mu lórí gbogbo wa. Èmi rèé, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé kẹ́ẹ̀gì ẹmu sí abẹ́ tábìlì, mo fi aṣọ bò ó, mo wá lọ bi nọ́ọ̀sì bóyá kí n mu ún. Ó ní rárá. Nígbà tí mo fi máa dé ilé, ìyá ọkọ mi, tó ti kó wá bá wa gbé láti bá mi tọ́ ọmọ, ti mu ún dé ìdajì. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kó ṣòfò. Ọmú tiwọn náà ò kúkú wá.

Ọ̀rọ̀ mílíìkì alágolo ló nira. Èmi ni mo máa ń dìde nínú ìpàdé ẹgbẹ́ láti gba àwọn ìyàwó tuntun níyànjú. N ó na ìka sókè, n ó ní, "Ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà. Omi lásán, ẹ má fi kàn án lẹ́nu." Ìyàwó kan wà tó ń fún ọmọ rẹ̀ ní mílíìkì nígbà kan, mo wò ó láti òkè délẹ̀ débi pé ó yí àga rẹ̀ padà. Báwo ni n ó ṣe wá gbé agolo sí orí tábìlì tèmi? Mo ní kí ọkọ mi rà á bọ̀ láti Òṣogbo, kí ó fi láílọ́ọ̀nù dúdú wé e. Nígbà tó dé, mo fi gèlè wé e, mo tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. Ọkọ mi ní, "Ṣé mílíìkì ni àbí ìbọn?" Mo ní kó má sọ̀rọ̀ sókè. Ìyá rẹ̀ pàápàá, n ò sọ fún wọn. Mo mọ̀ pé ẹnu wọn kì í gba ọ̀rọ̀ dúró, wọn a sì máa bá àwọn ìyá àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa jókòó.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ pò ó ni ẹ̀rù náà wá gbéra. Mo ti se omi, mo ti se ife, mo ti se ṣíbí títí ṣíbí fi tẹ̀ bí etí ajá, nítorí oníke ni. Mo po mílíìkì. Mo gbé ife sí ẹnu ọmọ, ni nǹkan kan bá sọ sí mi lọ́kàn pé: bó bá ti bàjẹ́ ńkọ́? Bó bá jẹ́ ayédèrú ńkọ́? Ṣebí ẹ̀rọ rédíò kì í sinmi lórí ọ̀rọ̀ ayédèrú. Mo gbé ife kúrò lẹ́nu ọmọ, mo kọ́kọ́ mu ún ná. Mo wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fi ọwọ́ lé ikùn, mò ń dúró. Bí inú bá máa run mí, kó tètè run mí. Ọmọ ń ké. Inú ò run mí. Àmọ́ mílíìkì ti tutù, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ pé kí n má ṣe jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Mo bá mu ìyókù, mo po òmíràn. Èyí tuntun náà ńkọ́? Omi inú rẹ̀ kì í ṣe omi ti àkọ́kọ́. Mo tún tọ́ ọ wò.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é. Gbogbo ìgbà tí mo bá pò ó ni mo ń kọ́kọ́ mu tèmi, tí mo ń jókòó de ikú, tí ikú ò sì ń wá.

Ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló ń wẹ ọmọ ní àràárọ̀, bó ṣe yẹ kó rí. Wọ́n á jókòó sórí àpótí kékeré nínú àgbàlá, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á tẹ́ ọmọ lé e, wọ́n á fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, wọ́n á fi omi gbígbóná jó o lórí àti nídìí. Wọ́n á na apá rẹ̀, wọ́n á na ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á wá jù ú sókè, wọ́n á hán an, kó má baà di ojo. Àwọn ọmọ mi àgbà, mo máa ń dúró rẹ́rìn-ín bí wọ́n ti ń jù wọ́n. Ti èyí, n ò lè wò ó. Bí wọ́n bá ti gbé omi ìwẹ̀ kalẹ̀, n ó sá wọ yàrá, n ó ti ìlẹ̀kùn, n ó tan rédíò sókè kí n má baà gbọ́ bí ọmọ bá ṣe ń fò. Ìyá ọkọ mi á ní, "Àwọn tó bí i ni kí wọ́n jù sókè, kì í ṣe ọmọ."

Bí ọmọ bá ti ìwẹ̀ dé, oorun ni. Mo fi ọmú kàn án lẹ́nu, kò fà á. Mo gbé ife dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó pa ètè dé. Mílíìkì tí mo ti tọ́ wò, tí mo ti jókòó tì, tí mo ti rí i dájú pé kò ní pa ẹnikẹ́ni, ta ni yóò mu ún? Èmi ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wá ń kún. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ń di mọ́ mi, wọ́n ń ní, "Ẹ kú ewu o. Ìkókó yìí yẹ yín." Ọmú tí ẹnikẹ́ni ò fà, ó ń gbẹ síwájú sí i. Mo rò ó pé àìsàn kan ló wà lára ọmọ yìí. Ọmọ tí ebi ń pa tí kò jẹun, kí ni a ti ń pè é?

Nígbà tí a padà lọ síbi ìwọ̀n, ọwọ́ ìwọ̀n náà dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo ọmọ, ó wò mí, ó tún wo ọmọ. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ̀ ń sanra." Kò fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní bí ọmọ náà ò bá wúwo sí i nígbà tí a bá tún padà wá, òun ò lè dá a dúró sọ́dọ̀ òun mọ́. Ọsibítù ńlá ní Òṣogbo ni òun máa kọ ìwé rẹ̀ sí. Ó ní, "Ẹ jókòó tì í láti ìgbà tó bá jí. Gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu rẹ̀, ẹ rí i."

Mo gbé ọmọ pọ̀n, mo kọrí sílé. Géètì yẹn ni mò ń rí. Mo ń rí ara mi tí mo gbé e wọlé, tí mo sì jáde láìgbé nǹkan kan. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó dá sí i, àti pé, bí kò bá ní bínú, kó jẹ́ kí ó dá sí i ní Ìlobù níbí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ọkọ mi gbé omi ìwẹ̀ kalẹ̀, èmi náà fa àpótí, mo jókòó.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, kí lò ń wá? Lọ tan rédíò rẹ."

Mo ní, "Mo fẹ́ wò ó lónìí ni, Màmá."

Wọ́n fọ ọmọ. Wọ́n fọ̀ ọ́ tán, wọ́n tún fi ọṣẹ kùn ún. Mo jókòó. Wọ́n jù ú sókè, mo di ojú, mo jókòó. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ orí tí wọ́n ti fọ̀. Abọ́ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí wọ́n fi àwo dé, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń wò mí. Omi ń tutù. Wọ́n ní, "Ó dà bí ẹni pé ẹnìkan ń pè ọ́ níta." Mo ní n ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n tún gbé ọṣẹ. Mo ní, "Màmá, ọmọ yìí máa bó."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ṣí abọ́ náà. Omi ẹ̀kọ ni, ó ṣàn bí omi ìfọwọ́. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gba ẹnu ọmọ bí wọ́n ti ń ṣe láyé àtijọ́, wọ́n dì í nímú díẹ̀, wọ́n sì ń da omi ẹ̀kọ sójú àtẹ́lẹwọ́ náà. Wọ́n ń rọ ọ́. Ọmọ ń gbé e mì, ó ń há a, ó ń gbé e mì.

Mo kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀kọ kọ́ nìyẹn?"

"Oúnjẹ ni. Àbí o ò rí oúnjẹ rí?"

"Nọ́ọ̀sì ní kò gbọdọ̀ tíì kàn án lẹ́nu."

"Nọ́ọ̀sì ló ní kí ìwọ náà máa mu mílíìkì ọmọ?"

Wọ́n gbé ọmọ lé èjìká, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ lọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn láti ọjọ́ pípẹ́. "Mo rí ọ láti ojú fèrèsé. O po mílíìkì, o gbé e mu, o jókòó, o fọwọ́ lé ikùn bí ẹni tó jẹ iyán yó. Ọmọ ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Mo ní kí n má tètè sọ̀rọ̀. Mo tún wò ó lọ́jọ́ kejì, bákan náà ni. Mo ní, áà, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí ìyàwó mi lára ní Òṣogbo, a ò kúkú mọ ẹni tó ni ín. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ alájẹkì."

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

"Kí n bi ọ́ kí n ní kí ni? Kí n pe ọmọ mi, kí n ní ìyàwó rẹ ń jí oúnjẹ ọmọ jẹ? Ìyàwó tí ikú ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀? Mo ní kí n bò ọ́ láṣìírí. Mo bá ń fún ọmọ lẹ́kọ nígbà tí o bá lọ gbọ́ rédíò."

Mo ṣàlàyé. Orí eékún ni mo wà tí mo ti ń ṣàlàyé, omi ọṣẹ ń wọ ìró mi. Mo ní mò ń tọ́ ọ wò ni, kó má baà jẹ́ pé májèlé wà níbẹ̀. Ẹnu wọn kọ́kọ́ gbọ̀n, èjìká tẹ̀ lé e, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín débi pé mo na ọwọ́ láti gba ọmọ lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n ní, "Bó bá wá jẹ́ májèlé lóòótọ́, tó pa ọ́, ta ni yóò fún un lọ́mú?"

N ò rò ó débẹ̀. Mo ti ro ṣíbí, mo ti ro ife, mo ti ro omi, mo ti ro gbogbo ọlọ́kadà tó wà láàrin Ìlobù àti Ìfọ́n. N ò rò ó débẹ̀.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni a jọ lọ bá nọ́ọ̀sì. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mi, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì yíjú sí fèrèsé kí a má baà rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ ṣé. Ẹ̀kọ yẹn ń kún un nínú ni, kì í ṣe é lóore. Ó ti ń yó kó tó dé ìdí ọmú. Tí kò bá sì fa ọmú, ọmú ò ní wá. Fífi ọwọ́ rọ ọ́ yẹn ló burú jù, ó lè gba ibi tí kò yẹ wọlé, kó há a."

Ìyá ọkọ mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rọ bàbá rẹ̀, òun ló sì ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé yẹn."

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Àmọ́ ọmú tiyín kún nígbà náà."

Wọ́n gbọ́ ìyẹn, wọ́n tún ìró wọn ró. "Ó kún," wọ́n ní. "Ó kún, n ò ní purọ́ fún ọ." Láti ìgbà náà, ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì.

Nọ́ọ̀sì pín iṣẹ́ fún wa. Èmi ni kí n fún un lọ́mú ṣáájú ohunkóhun, bí kò tilẹ̀ sí nǹkan níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi ni kí wọ́n gbé ife lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n fi kan ètè ọmọ, kí ọmọ fúnra rẹ̀ máa lá a, kí wọ́n má ṣe dà á sí i lẹ́nu. Èmi ò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ife. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bó bá gbóná, kí n kán an sí ọrùn ọwọ́. Agolo mílíìkì wá kúrò nínú àpótí aṣọ, ó bọ́ sí ọwọ́ ìyá ọkọ mi. Wọ́n gbé e sí orí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i, àwọn ìyá àgbà ṣọ́ọ̀ṣì sì rí i. Bí mo bá sún mọ́ ọn, wọ́n á wúkọ́. Bí àlejò bá wà nílé, wọ́n á ní, "Ẹ bá mi mójú tó ìyàwó mi o, kó má lọ sídìí agolo," ó sì di dandan kí n dúró gbọ́ bí wọ́n ti ń sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyàwó tí mo wò láti òkè délẹ̀ nígbà yẹn wà lára àwọn tó wá gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo máa ń fi ṣúgà sí i.

Ọmọ ò yó mọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ń fà á bí ẹni ń fa okùn kànga. Ó ń dùn mí, mo sì ń jókòó sí i. Mo ń tẹjú mọ́ ọn ní gbogbo ìgbà tó bá mí, mo ń rò pé ó ti há a. Díẹ̀díẹ̀ ni ọmú bẹ̀rẹ̀ sí í le, tí aṣọ mi ń tutù níwájú nígbà tí n ò retí. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n ní, "Òjò ń rọ̀ sí ọ láyà." Ohun tó wà nínú ife ń dín kù, nígbà mìíràn ọmọ á kọ̀ ọ́ pátápátá, á sì sùn pẹ̀lú ọmú lẹ́nu.

Síbẹ̀, nígbà tí ọjọ́ ìwọ̀n pé, n ò jẹun láàárọ̀. Mo ti di aṣọ tèmi àti ti ọmọ sínú báàgì, bóyá wọn ó ní kí a gba ibẹ̀ lọ sí Òṣogbo. Ìyá ọkọ mi wo báàgì náà, wọ́n bá mi gbé e.

Nọ́ọ̀sì so ọmọ kọ́ ìwọ̀n. Ọwọ́ ìwọ̀n náà yí, ó kọjá ibi tó máa ń dúró sí, ó tún lọ síwájú kó tó dúró. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ó ti wúwo sí i, mà. Ó wúwo dáadáa."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wọ̀n. Bóyá ìledìí rẹ̀ ló tutù."

Ó tú ìledìí kúrò, ó tún un wọ̀n ní ìhòòhò. Mo ní bóyá ìwọ̀n náà fẹ́ àtúnṣe. Ìyá ọkọ mi ní, "Ìwọ náà rọ̀ mọ́ ọn, ká wò ó bóyá ó máa já." Àwọn obìnrin tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ fún mi, ó ní kí n máa bá ọmú lọ, kí n máa dín ife kù, kò sí ìwé Òṣogbo kankan tí òun fẹ́ kọ, kí a máa lọ sílé.

Ìyá ọkọ mi gbé báàgì kọ́ apá, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n wẹ̀yìn, wọn ò rí mi. Mo ṣì dúró síwájú tábìlì pẹ̀lú ọmọ láyà. Nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Màmá, ṣé kò sí nǹkan kan?"

Mo ní kò sí o. Mo ní mò ń bẹ̀ ẹ́ ni, kó bá mi tún èyí tó sọ gbẹ̀yìn yẹn sọ.

Ó ní, "Ẹ máa lọ sílé, mà."